Ọ̀rọ̀ Tí Ẹnìkan Kì Í Dá Sọ

"Jókòó, akọ̀wé. Àga yẹn kì í bu ènìyàn jẹ."

Akọ̀wé jókòó, ṣùgbọ́n kò tan ẹ̀rọ tó fi ń gba ohùn. Oṣù mẹ́jọ ló ti ń kọ èdè ìyá arúgbó yìí sílẹ̀, èdè tó jẹ́ pé ìyá náà àti àbúrò rẹ̀ obìnrin nìkan ló kù tó gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí ìwé rẹ̀ pé: èyí tí ènìyàn méjì péré fi ń pe ara wọn, tí kì í ṣe "èmi", tí kì í sì í ṣe "àwa" ọlọ́pọ̀ èrò. Èèwọ̀ ni kí ẹnìkan dá a sọ. Ẹnu méjì ló ń pa pọ̀ sọ ọ́. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò sì ti yan ara wọn lódì láti ọdún mẹ́ta, nítorí àpótí aṣọ ìyá wọn.

"Mo ti rò ó," ni ìyá wí. "Ìbínú ò ṣe nǹkan fúnni. Lọ pe alágídí yẹn wá, ká sọ ọ́ fún ọ. Kó má gbàgbé eyín rẹ̀ sílé o, ọ̀rọ̀ náà ń fẹ́ eyín."

Akọ̀wé kúnlẹ̀.

"Ìyá, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń bọ̀. Wọ́n sùn lánàá, wọn ò jí mọ́."

Ìyá wo ẹnu ọ̀nà títí, bí ẹni pé ẹnìkan ṣì lè gba ibẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn náà ó fa ìwé akọ̀wé mọ́ra, ó fi ìka kan àlàfo tó kù.

"Kọ ọ́ síbẹ̀," ló wí, "pé èdè wa ò ní i."