Adágún Tí Kàsímù Lọ

Ní ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò fi àmì sí, nínú ọdún kan tí ọdún mìíràn ti gbé mì, Adéyanjú gbé àpò ńlá kan sílẹ̀ láàrin pálọ̀ ilé rẹ̀ ní Becontree, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù ìpẹja sínú rẹ̀.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni òun àti Kàsímù ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi to irin mọ́ irin ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní Dagenham, nínú ariwo tí kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Wọ́n lẹ àwòrán kan mọ́ ara ilẹ̀kùn àpótí aṣọ iṣẹ́ wọn, èyí tí wọ́n gé lára kàlẹ́ńdà: adágún kan ní òkè àríwá Skọ́tílándì, kò sí ilé létí rẹ̀, kò sí ọ̀nà, kò sí ènìyàn. Wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé kí àwọn tó kú, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò dá lọ síbẹ̀ fún ọjọ́ méje, yóò ju ìwọ̀ sómi, kò sì ní bá ẹ̀dá kankan sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, Kàsímù ló mú àwòrán náà lọ sílé.

Kàsímù ti lọ ní èṣí. Ramlat ọmọ rẹ̀ ló bá a ṣe ètò ìrìn àjò náà. Lẹ́yìn oṣù kan, Ramlat ní adágún náà wu bàbá òun tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gba ahéré kan síbẹ̀, àti pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé ọ̀hún. Ó dun Adéyanjú pé ọ̀rẹ́ òun kò fi lẹ́tà kan ṣọwọ́. Ó sì ń jowú rẹ̀.

Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Láti ìgbà tó ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn, Moṣọpẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin kò jẹ́ kó dá lọ sí ṣọ́ọ̀bù Heathway mọ́. Bí wọ́n bá kọ̀, kò ní fojú kan adágún náà títí ilẹ̀ yóò fi jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó la ẹnu, wọn kò bá a jiyàn. Moṣọpẹ́ wolẹ̀.

“Ẹ máa lọ, Dádì,” ni Dámiláre ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wí. “Ramlat ti fún mi ní àdírẹ́sì ibi tí bàbá rẹ̀ wà.”

“Kó jìnnà sí mi o. Ẹnu Kàsímù ju ẹ̀rọ lọ. Gbogbo ẹja ló máa lé sá.”

Nítorí náà ni Moṣọpẹ́ ṣe jókòó sílẹ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú yíǹkì dúdú, tó ń kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sí ọrùn ẹ̀wù, sí inú ìbọ̀sẹ̀, sí ìbàdí ṣòkòtò. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sí etí fìlà ìpẹja.

“Ṣé ilé ìwé ni mò ń lọ ni?”

“Dádì, bí omi bá gbé yín lọ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n rí.”

“Omi tó máa gbé èmi Adéyanjú kò tíì sun jáde látinú àpáta.”

Moṣọpẹ́ to oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá rẹ̀ sínú ike, ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko.

“Ọjọ́ méje ni mo pè é, Moṣọpẹ́.”

“Ẹni tó ń lọ sí ijù kì í wọn oògùn, Dádì.”

Lẹ́yìn náà ó ṣí àpótí ìwọ̀, ó kó gbogbo ìwọ̀ inú rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì mú ọ̀bẹ ìpẹja mọ́ wọn. “Wọn kì í jẹ́ kí nǹkan mímú wọlé.”

“Wọlé síbo?”

“Inú ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n á fún yín ní òmíràn lọ́hùn-ún.”

Dámiláre sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀lú fọ́tò Olúbùsọ́lá, ìyá wọn tó ti kú. Ó fi táwẹ́lì wé e, ó tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ àpò. “Kí Mọ́mì náà lè rí omi.” Adéyanjú kọjú sí fèrèsé fún ìgbà díẹ̀.

Ìwé àṣẹ ìpẹja ló kù. Ojú ìwé mẹ́sàn-án ni Dámiláre gbé wá. Awò ojú Adéyanjú wà lórí tẹlifíṣọ̀n, kò dìde lọ mú un. Ta ní í ka ìwé tí ọmọ bíbí inú rẹ̀ gbé wá kó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́?

“Ìwé tó pọ̀ tó yìí nítorí ẹja? Àbí ilé ni mo fẹ́ tà?”

Ẹ̀rín Dámiláre pẹ́ díẹ̀ kó tó dé.

Nígbà tí ẹrù pé, Dámiláre dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Inú bàbá dùn. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbé èkejì lé Moṣọpẹ́.

“Ilé yín kò ní dàrú. Ohun tí ẹ ṣe fún mi lónìí, àwọn ọmọ yín yóò ṣe é fún yín.”

“Àmín,” ni Moṣọpẹ́ wí. Dámiláre kò gbójú sókè nílẹ̀.

Adéyanjú gbé ọ̀pá ìpẹja rẹ̀ lé orúnkún nínú ọkọ̀ tí Dámiláre ń wà. Ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin jìn. Ó dijú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù kọkànlélọ́gọ́fà, èyí tí wọ́n fi ń sin arìnrìn-àjò ní ìjọ rẹ̀. Kò tíì dé ibi àlọ àti àbọ̀ tí ọkọ̀ fi dúró. Ó lajú. Igi Parsloes Park, ọgbà tó wà nítòsí ilé wọn, ṣì ń hàn lẹ́yìn wọn.

Obìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ ń ti kẹ̀kẹ́ arọ bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́yìn gíláàsì fèrèsé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán adágún kan tí wọ́n gé lára kàlẹ́ńdà, Kàsímù jókòó bó ti jókòó láti èṣí, ọ̀pá tí kò ní ìwọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà gàdàgbà létí fìlà rẹ̀.

Ilé tí a fi òógùn kọ́ kò ní lé wa jáde. Ọmọ tí a bí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu omi fún wa mu lọ́jọ́ alẹ́, nínú ilé tiwa, àti nínú ilé gbogbo ẹni tó ń gbọ́.