Aṣọ Ọ̀gànwó

Kí ìyá Dáhúnsi tó kú, ó kọ́ ọ pé bí a bá fẹ́ gé èèpo lára ọ̀gànwó, ìhà ìlà-oòrùn àti ìhà ìwọ̀-oòrùn nìkan ni à ń gé.

“Èèpo ni aṣọ igi,” ni ìyá máa ń wí. “A kì í tú u sí ìhòòhò.”

Ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ ìwádìí kan ń wá ohun kíkorò inú èèpo náà tí í lé ibà, owó gidi ni wọ́n sì ń san. Lọ́jọ́ náà, Dáhúnsi gé èèpo ọ̀gànwó etí odò yí ká, kò ṣẹ́ nǹkan kan kù.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tó ń gbé àpò èèpo náà lọ sílé. Ó gbọ́ ohun kan tó ń kán tó, tó, lẹ́yìn rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ìdí àpò, ó gbẹ. Kíkán náà kò dúró.

Arúgbó obìnrin kan káwọ́ mọ́ra lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń gbọ̀n.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá.”

“Òtútù ń mú mi, ọmọ mi. Wọ́n bọ́ gbogbo aṣọ lára mi.”

“Ta ló ṣe irú èyí sí àgbàlagbà?”

“Ẹni tí ìyá rẹ̀ kọ́ tí kò gbọ́ ni.”

Orí Dáhúnsi wú. Ó yára bọ́ dàńṣíkí rẹ̀, ó nà án sí i. Ọwọ́ tó gbà á tutù, ó ń yọ̀, ó sì ń rùn bí oje ọ̀gànwó.

Obìnrin náà kò wọ̀ ọ́. Ó rọra ká a sórí àpò.

“O ṣeun,” ni ó wí. “Ó ku èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ lára rẹ.”