Ọ̀gá Ọwọ́-Lápò

Dókítà ọpọlọ náà ò kan ilẹ̀kùn rárá. Ó wọlé, ó la fọ́ọ̀mù mọ́ tábìlì ọ̀gá rẹ̀.

"Ẹ buwọ́ lù ú fún mi, sà. Ọ̀sán òní ni wọ́n máa ti ìforúkọsílẹ̀ pa."

Láti ọdún mẹ́ta ló ti ń wá bó ṣe máa lọ kọ́ ìtọ́jú àìsàn ọwọ́ gbígbọ̀n àti ẹsẹ̀ wíwọ́ lókè òkun. Ọdún mẹ́ta náà ni ọ̀gá fi ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la. "Gbé e síbẹ̀ ná," ni yóò wí, ọwọ́ ọ̀tún á wà nínú àpò. Àwọn nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ọwọ́-Lápò. Dókítà gan-an máa ń pè é ní onílara lẹ́yìn.

"Àbí ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ jù yín lọ ni?"

Ọ̀gá fa fọ́ọ̀mù náà mọ́ra. Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún lápò, ó mú bírò.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tóbi díẹ̀. Èkejì kéré sí i. Nígbà tí yóò fi parí orúkọ rẹ̀, àwọn lẹ́tà náà ti dà bí èèrà tó ń wọ ihò. Bírò bọ́. Àtàǹpàkò ọ̀gá ń yí lára ìka kejì bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀.

Láràárọ̀ ni dókítà ń ní kí àwọn aláìsàn kọ orúkọ wọn lójú òun, kó lè mọ ẹni tí àìsàn yìí ti mú.

"Ìwọ nìkan lo lè kà á nílé ìwòsàn yìí," ni ọ̀gá wí. "Ìdí nìyẹn tí mi ò fi buwọ́ lù ú."

Dókítà ṣẹ́ fọ́ọ̀mù náà po.

"Ọdún méjì ni ẹ̀kọ́ yẹn, sà. Ǹ bá ti dé láti èṣí."