Àtẹ Àwọn Alààyè

Láràárọ̀, àṣẹ kan náà ni Fadérera máa ń tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà nílé ìpín-oògùn: kó gbogbo àtẹ orúkọ jáde. Láràárọ̀, àtẹ kan ṣoṣo ló ń yọjú: Alààyè, ti Àgbègbè Kìíní. Àgbègbè Kejì ní àtẹ Alààyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ jọ orúkọ, èyí tó ṣíwájú sì ti bo ti ẹ̀yìn mọ́lẹ̀.

“Bàbá Ajíbóyè, mi ò rí yín. Òfin ní ẹni tí ẹ̀rọ ò bá fi hàn ti kú. A kì í fún òkú lóògùn.”

Bàbá di tábìlì mú, ó ń mí gúlegúle. “Èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí? Ṣebí Àgbègbè Kejì la ti bí ìwọ náà!”

Fadérera bojú wẹ̀yìn. “Ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀, bàbá. Wọn ò tíì mọ̀ pé mo ti kú.”