Àwọn Ìbéèrè Ará Kánò

Ṣẹ̀rífù fẹ́ lọ gba yàrá sí Ìkòròdú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Hàrúnà ti ríṣẹ́ síbẹ̀, ó sì ní kí Ṣẹ̀rífù náà tètè wá owó ilé. Ṣùgbọ́n owó tí Ṣẹ̀rífù ń gbà ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Ṣàgámù kò kọjá oúnjẹ àti dátà. Nítorí náà ló ṣe wọ ẹgbẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Bi Mí Kí N Sọ. Ẹni tó bá ní ìbéèrè níbẹ̀ á gbé e síta pẹ̀lú owó, ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn ló máa gba owó náà. Ṣẹ̀rífù ń dáhùn ìbéèrè nípa fóònù, èrò ń bá a dù ú, owó káàdì lásán ló ń rí.

Ìyá àgbà rẹ̀, Àlhájà Wúlẹ̀mọ̀tù, ń wá nǹkan tirẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, kò sì rí ẹni tí yóò fi ìsọ̀ obì rẹ̀ ní Ìjokù, ní Ṣàgámù níbẹ̀, sílẹ̀ fún. Ó pe Ṣẹ̀rífù títí. Ṣẹ̀rífù ní obì ń ba ọwọ́ òun jẹ́. Nígbà tó yá, Màmá kò pè é mọ́. Ó ní kí Fàdìlàt, ọmọ àbúrò bàbá Ṣẹ̀rífù tí wọ́n jọ ń gbélé, bá òun ra fóònù ńlá tí òun á máa fi gbọ́ wààsí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ará Kánò kan dé orí Bi Mí Kí N Sọ. Ó ní obì gbànja tí òun ń rà láti Ṣàgámù ń bàjẹ́ lọ́wọ́ òun, báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀? Owó tó fi síta wúwo. Ṣẹ̀rífù rẹ́rìn-ín. Inú ilé tiwọn ni ìdáhùn wà.

Ó gba ìsọ̀ lọ nírọ̀lẹ́. Màmá jókòó láàárín àwọn apẹ̀rẹ̀, àpótí kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé.

"Màmá, ewé wo lẹ fi ń wé obì?"

"Kí ni ùwọ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo kàn ń béèrè ni, mà."

"Jókòó. Mi ò lè fẹnu ṣàlàyé ẹ̀, àfi kóo fọwọ́ kàn án."

Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ewé sínú apẹ̀rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò. Ṣẹ̀rífù délé, ó tẹ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Ará Kánò fèsì pé, "Ó kù díẹ̀. Ẹ padà lọ bi àgbà léèrè ìgbà tí wọ́n ń pààrọ̀ ewé." Ṣẹ̀rífù kùn, ṣùgbọ́n ó lọ, owó sì wọlé.

Ìbéèrè mìíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé ìyẹn. Kì í béèrè nǹkan kan lọ́jọ́ Jímọ̀. Ṣẹ̀rífù gbà pé mùsùlùmí gidi ni. Nígbà tí iná Ìjokù lọ tí kò tètè dé, Ará Kánò náà dákẹ́. Ṣẹ̀rífù, tó ń gba iná sí fóònù tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, rò pé ara ọkùnrin náà ni kò yá, àánú rẹ̀ sì ṣe é.

Nígbà yìí, Ṣẹ̀rífù ti lè fọwọ́ kan obì kó mọ èyí tó fẹ́ bàjẹ́. Àwọn oníbàárà ti ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ bí Màmá kò bá sí níjòkòó. Owó yàrá sì kù díẹ̀ kó pé. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí Màmá má lọ gbọ́ pé òun ń ta ọgbọ́n ilé fún àlejò.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ló le jù. "Kí lẹ ń fi pa obì yín lára kí ẹ tó wé e, tí kòkòrò kì í fi í wọ̀ ọ́? Ẹ dárúkọ iye tí ẹ fẹ́."

Ṣẹ̀rífù mọ̀ ọ́n. Màmá ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ kó tó fi hàn án, ó ní ìyá òun ló fi han òun, òun kò sì fi han ẹlòmíràn rí. Ó tẹ ìdáhùn náà tán pátá. Ó wò ó títí, ó sì pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ pé, "Ẹ má bínú. Èyí kì í ṣe títà. Ti ilé wa ni." Ó dùn ún gan-an, nítorí yàrá Ìkòròdú ló ń wò tó ń lọ yẹn.

Nígbà tó dé ìsọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá na kọ́kọ́rọ́ sí i.

"Gbà. Ùwọ lo ni ín."

"Màmá, mo fẹ́ lọ sí Ìkòròdú mà."

"Mo mọ̀. Tóo bá fẹ́ lọ, kóo mú un dání."

Ṣẹ̀rífù yí kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ títí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bọ́ síta lọ pe Hàrúnà pé kó má retí òun mọ́.

Bó ti jáde, Màmá fi awò sójú, ó fa fóònù wààsí yọ lábẹ́ ewé obì, ó sì ní kí Fàdìlàt wá bá òun yọ Ará Kánò kúrò nínú Bi Mí Kí N Sọ, ó ní ọkùnrin náà ti rí ohun tó ń wá.