Ìjókòó Tí Opó Rà Sínú Mọ́tò

Opó náà ń fi sípánà yí bóòtù ìkẹyìn ìjókòó tuntun le nínú mọ́tò eré-ìje tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, nígbà tí ẹ̀gbọ́n olóògbé wọ àgbàlá wọn ní Pópó Àgùdà.

"Ìyàwó, ẹbí ló ni òkú, ẹbí ló ni ohun òkú. Èmi ni wọ́n pín mọ́tò fún."

"Kọ́kọ́rọ́ wà lára rẹ̀, Bọ̀dá Joaquim. Ẹ wà á lọ."

Ọkùnrin náà fi ìdí wọ inú mọ́tò. Etí ìjókòó há a ní ìbàdí; kò jókòó délẹ̀, kò sì lè dìde.

"Irú àga wo nìyí? Ti àtijọ́ dà?"

"Mo ti tà á ní Jankara. Ìbàdí tèmi ni wọ́n wọ̀n ṣe eléyìí."

Opó fa ọkùnrin náà jáde, ó jókòó wẹ́rẹ́, ó sì ṣáná sí mọ́tò.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣí géètì."