Òótọ́ Nìkan Là Ń Kọ Níbí

Olùkọ́ tó ń kọ́ni ní ìtàn ayé ẹni kíkọ ti kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó: "Òótọ́ nìkan là ń kọ níbí."

Obìnrin télọ̀ kan gbé awò ojú tí akẹ́kọ̀ọ́ kan gbàgbé wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀hún gan-an ló ń ka ìtàn ayé tó kọ sókè fún kíláàsì, bébà fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án nímú.

"Mo di ọwọ́ màmá mi mú títí ẹ̀mí fi bọ́ lára wọn. Àtàǹpàkò tí abẹ́rẹ́ máṣíìnì gún ló kọ́kọ́ tutù."



Olùkọ́ nu omijé ojú rẹ̀. "Ṣé ẹ rí i? Irọ́ ò lè wọni lákínyẹmí ara báyìí."

Télọ̀ wo àpá abẹ́rẹ́ tó wà ní àtàǹpàkò tirẹ̀.

Ó na awò ojú sí ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ẹ bá mi fún ọmọ mi yẹn. Ẹ ní òkú ló gbé e wá."